Ọmọ Ń Sùn Nínú Ampilifáyà

Ní ìjọ wa, a kì í búra, nítorí náà mi ò ní búra fún yín. Mo kàn ń sọ fún yín pé ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi ní Festac, lọ́sàn-án gangan, tí ojú mi là sílẹ̀ kedere, tí n kò sì tíì mu ohun tó le ju tíì lọ. Ẹni tó bá gbà mí gbọ́, Ọlọ́run á bù kún un. Ẹni tí kò bá gbà, mi ò bá a jà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún èmi náà, mi ò ní gbà.

Ọkọ mi, Bàbá Jùwọ́nlọ, ṣiṣẹ́ ní èbúté ní Àpápá títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Ó sinmi débi pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Jùwọ́nlọ," á ní, "Hùn." Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, "Hùn." Nígbà tó yá, mo ti mọ hùn tó túmọ̀ sí pé iyọ̀ kò tó, mo sì mọ hùn tó túmọ̀ sí pé NEPA ti mú iná lọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ariwo ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń darí kíréènì tẹ́lẹ̀ ló wá jókòó sórí àga, tó ń wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí irú rẹ̀ lágbègbè wa níbí. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ̀yìn tì, ó dákẹ́, kò pẹ́ tó dákẹ́ náà la sin ín. Gbogbo àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, jẹ́ kí ọkọ mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìyá Jùwọ́nlọ, ìkòkò ńlá rẹ yẹn, ṣé o ṣì ń lò ó?"

Odidi ọ̀rọ̀! Ká ní ilé ló tọrọ, mo máa fún un. "Rárá o," ni mo wí. Irọ́ ni mo pa, Ọlọ́run dárí jì mí. Ìkòkò yẹn ni mo fi ń se ìrẹsì fún ìpàdé àwọn obìnrin.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ayùn gé e. Ó ní òun ti ń wò ó lórí fóònù, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn kan ampilifáyà nínú ilé. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń gbóná, ó sì ní láti ní irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lára tí á máa fa ooru rẹ̀ jáde. Bí ìdí ìkòkò mi ṣe di irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

Ó lọ sí Alaba, ó ra tiransifọ́mà tó wúwo bí ọlọ. Ó ra àwọn nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ní ẹsẹ̀ bíi kòkòrò. Pálọ̀ mi ń rùn fún lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti là.

"Wò ó, Ìyá Jùwọ́nlọ. Ohùn kékeré á wọlé níbí. Á gba àárín àwọn wọ̀nyí kọjá. Tó bá dé ọ̀hún, ó ti di ohùn ńlá."

"Bíi ti Fareedah tó ń gbé lókè wa."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo sá wọ ilé ìdáná, mo fi ìborùn bojú, mo sunkún.

Mo pe Jùwọ́nlọ, ọmọbìnrin wa tó wà nílé ọkọ ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Mo ní bàbá rẹ̀ ti gé ìkòkò mi.

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀, ó tún rẹ́rìn-ín."

"Mọ́mì, ẹ kó gbogbo ìkòkò fún un o. Màá ra òmíràn."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ampilifáyà ìjọ wa jóná. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá Jùwọ́nlọ ti dìde láàárín èrò, ó ní kí Pásítọ̀ Tòkunbọ̀ má ra òmíràn. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èyí tí òun fi ọwọ́ òun kàn ni ìjọ máa lò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá dójú tì í níwájú ìjọ, iwájú ògiri yẹn ló máa padà sí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, oòrùn mú. Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ọmọ wà níléèwé, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wà lẹ́nu iṣẹ́, ajá pàápàá ò gbó. Ó gbé sípíkà kan sọ́tùn-ún, ó gbé èkejì sósì. Ó ní kí n gbàdúrà lé e lórí. Mo gbàdúrà. Ó tàn án.

"Hùùùn," ni ẹ̀rọ náà wí.

"Ó jọ yín," ni mo wí.

"Wáyà tó lọ sílẹ̀ ni kò mú." Ó fún un mọ́lẹ̀. Hùn náà dákẹ́. Ó wá so fóònù mọ́ ọn, ó fi orin ìyìn sí i, ó sì yí i sókè. Kọ́tìnì mì. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọkọ mi ń fò sókè bí ọmọdé, òógùn ń dà lójú rẹ̀.

Inú orin yẹn ni ohùn kan ti jáde. Ohùn ìyá àgbà. Kò pariwo. Yorùbá àwọn ará Èkó àtijọ́ ló ń sọ, ó ń rọra fa ọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín in kù díẹ̀. Ọmọ ń sùn."

Mo sáré dé ojú fèrèsé. "Ẹ má bínú o, mà!"

Kò sẹ́nì kankan níta. Aṣọ tí mo sá nìkan ló ń mì. Bàbá Jùwọ́nlọ ti dín orin kù, ó tilẹ̀ ti fa wáyà fóònù yọ. Ilé pa rọ́rọ́.

"Ẹ ṣé," ni ohùn náà wí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ fèrèsé ló ti wá.

Mo gun òkè lọ bá Fareedah. Òkè àjà pálọ̀ wa gan-an ni yàrá rẹ̀ wà.

"Fareedah, ṣé ọmọ tuntun wà lọ́dọ̀ yín?"

Ó la ẹnu sílẹ̀. "Mọ́mì! Ọmọ ta ni? Ta ló sọ fún yín? Ẹ fẹ́ kí bàbá mi wá pa mí ni?"

"Mi ò sọ pé tìẹ ni."

"Ẹ kàn gun òkè wá, ẹ ń bi mí pé ọmọ tuntun dà. Àbí ẹ̀mí ló fi hàn yín? Ẹ sọ fún un pé mò ń sanra ni o, ìrẹsì ni!"

Kò sí ọmọ tuntun nínú ilé náà, látòkè délẹ̀. Mo kan gbogbo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo padà, ọkọ mi ti rí àlàyé. "Rédíò ni," ó ní. "Wáyà gígùn máa ń gbé rédíò nígbà mìíràn. Eré orí rédíò ni wọ́n ń ṣe."

"Eré orí rédíò ló ní kí a dín in kù?"

"Ó ṣe kòńgẹ́ ni."

Láti fi hàn mí, ó yọ gbogbo wáyà tó wọlé sí i. Kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ àfi iná àti sípíkà. Ó yí i sókè dé ìparí. A dúró. Mo ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń dún. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

"Mo ní ọmọ ń sùn," ni ìyá àgbà náà wí. Ó ti ń bínú díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí àgbà bá ní ọmọ tuntun wà nílé, kì í ṣe ìgbà yẹn lèèyàn ń ronú. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, mà. Ẹ kú ọwọ́ lómi."

Ọkọ mi wò mí. "Ta lò ń kí?"

"Àwọn tó bímọ."

"Nínú ampilifáyà?"

"Ṣé kí n má kí wọn ni?"

"A dúpẹ́ o," ni ohùn náà dá mi lóhùn. Inú rẹ̀ ti dùn. "Ọjọ́ Àìkú la ó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ máa bọ̀ o, Ìyá Jùwọ́nlọ. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ fún un lórúkọ."

"A ó wá, mà."

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ta ló ń kọ ìpè ìkómọ lójú ẹni tó pè é? Gbogbo wa là ń sọ pé a ó wá, tó bá dọjọ́ náà ká ní orí ń fọ́ wa. Ṣùgbọ́n báwo lèmi ṣe máa ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ mi? Níbo ni màá ránṣẹ́ sí? Báwo ló tiẹ̀ ṣe mọ orúkọ ọmọ mi?

Bàbá Jùwọ́nlọ rọra yí i sílẹ̀. Ó jókòó. Mo rò pé ògiri ló máa wò. Ó wo èmi.

"Ó ń sọ̀rọ̀ kedere," ó ní. "O gbọ́ bó ṣe mọ́? Kò sí ariwo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi dára o."

Mo gbé fóònù láti pe Pásítọ̀. Mo ti tẹ nọ́ńbà náà. Mo ń wo ọkọ mi. Ó ti ń fi àkísà nu ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ó ń sọ fún un pé kó má ṣèyọnu. Bí mo bá sọ fún Pásítọ̀, wọ́n á ní kí a gbé e síta, kí a dáná sun ún. Kí ni ọkọ mi á tún máa ṣe? Mo pa fóònù. Mo ní kí Ọlọ́run tó mọ ọkàn mi dákun bá mi wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọjà Agboju, mo ra ọṣẹ ọmọ kan àti nápúkìn. Mo mọ̀ pé ìwà wèrè ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo kọ́ lèèyàn fi ń wo ọmọ tuntun. Mi ò mọ ibi tí màá kó wọn sí, ni mo bá kó wọn lé orí ampilifáyà.

Ariwo ọkọ mi ló pè mí. "Ìyá Jùwọ́nlọ! Orí irin tó ń fa ooru lo kó aṣọ lé? Ṣé o fẹ́ kó gbiná ni?"

"Ti ọmọ ni."

Ó gbé nápúkìn náà kúrò. "Kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má kó o sórí."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó lọ gé irun, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú sípíkà. Mo bẹ̀bẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́la, ìjọ la ń gbé ẹ̀rọ yìí lọ. Ọkọ mi ti ṣàárẹ̀ ọkàn tipẹ́. Èyí nìkan ló gbé e dìde. Ẹ jẹ́ kó dún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìn ín. Ẹ má dá sí i. Tí a bá ti délé, ẹ lè bá wa jà bó ṣe wù yín."

Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń mu ọmú. Ṣẹ́ńṣẹ́. Ṣẹ́ńṣẹ́. Mo mọ ìró yẹn. Èmi náà ti fún ọmọ lọ́mú. Mo nawọ́ síbi tí wọ́n ń pa iná rẹ̀ kí n lè pa á. Iná ò sí lára rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó tàn án lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí a ń múra àtilọ ní ọjọ́ Àìkú, ọṣẹ náà ti jáde nínú bébà rẹ̀. Ó tutù. Ìfófòó ṣì wà lára rẹ̀. Ọkọ mi rí i, èmi náà rí i. Ó gbé ampilifáyà sínú àpò, ó ní kí n mú agboòrùn. A ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ wa ò tóbi. Tí gbogbo wa bá pé, àga ṣì máa ń ṣẹ́ kù. Bàbá Jùwọ́nlọ so gbogbo wáyà mọ́ ara wọn, ó tàn án. Pásítọ̀ gbé gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ yin Olúwa!"

Ohùn rẹ̀ kún gbogbo gbọ̀ngàn náà bí omi. Ó mọ́ gaara. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wo gbohùngbohùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀. "Ha! Bàbá Jùwọ́nlọ! Ẹ dìde, kí ìjọ rí yín!"

Ọkọ mi dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gún àyà sókè. Mo ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ka ìṣẹ́jú. Wọ́n kọrin, kò sí nǹkan. Wọ́n gbàdúrà, kò sí nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ fi ohùn ńlá kígbe halelúyà!"

"Ẹ rọra," ni sípíkà wí. "Ọmọ ti jí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ."

Gbogbo ìjọ wẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan ló sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn gbọ́. Sístà Margaret, tó ń bójú tó èrò, sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ wọlé! Ẹ gbé ọmọ wá síwájú! Ta ló tiẹ̀ fún wọn ní gbohùngbohùn níta?"

Pásítọ̀ Tòkunbọ̀ kì í fi ìkómọ ṣeré. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá wa, ẹ kú ewu o. Bí ẹ ṣe ń bọ̀, ta ló fẹ́ kọ́kọ́ fún ọmọ lórúkọ?"

"Ìyá Jùwọ́nlọ ló ṣèlérí," ni ohùn náà wí. "A ti ń retí i láti àárọ̀."

Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Mo dìde. Mo fẹ́ pe Jésù, ahọ́n mi ò yí. Mo wo Bàbá Jùwọ́nlọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ń pa iná. Bó bá pa á, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé inú ẹ̀rọ rẹ̀ ni ohùn yẹn ti ń wá. Bí kò bá pa á, a ò mọ ohun tá a máa gbọ́. Ó wo èmi. Ó wo ẹ̀rọ náà. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń padà lọ síbi tó ti wá, síbi ògiri yẹn.

Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó rìn lọ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Pásítọ̀.

"Èmi ni ọkọ rẹ̀," ó ní. "Mo lè bá a san ẹ̀jẹ́." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó wá dúró. Ohùn èbúté ni, èyí tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ pe ọmọ náà ní Ìyìn."

"Àmín," ni ìjọ wí.

"Àmín," ni sípíkà wí. Kì í ṣe ìyá àgbà nìkan. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àwọn tó ń wúkọ́, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pọ̀ ju wa lọ. Wọ́n pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn wọn, ọmọ kan sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pásítọ̀ mi orí, ó yà á lẹ́nu. "Ẹ gbọ́ bí àmín ṣe ń dún padà! Bí ẹni pé a kún gbọ̀ngàn! Bàbá, ẹ̀rọ yín lágbára o!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Sístà Margaret padà wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò rí ìyá, kò rí ọmọ. Lábẹ́ ìpàtẹ́wọ́ yẹn, mo gbọ́ ohùn náà nítòsí etí mi, ó ń kánjú, bí aládùúgbò tó fẹ́ sáré dé ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Ìyá Jùwọ́nlọ, ẹ bá mi gbé e díẹ̀. Mò ń bọ̀."

A gbé ampilifáyà padà sílé. Ìyá náà kò tíì dé.

Ohun tó kù nínú ẹ̀rọ náà ni èémí. Kékeré, ó ń wọlé, ó ń jáde. Bí NEPA bá mú iná lọ, kò dúró. Ìjọ ti ra ẹ̀rọ mìíràn, nítorí ọkọ mi kọ̀ láti gbé tiwa jáde mọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ò dára fún un. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi fún un, ó ń sọ bí kíréènì ṣe ń gbé àpótí. Kò tíì wo ògiri láti ọjọ́ náà. Jùwọ́nlọ bi mí lórí fóònù pé báwo ni Dádì. Mo ní ara rẹ̀ yá. Òótọ́ ni mo sọ.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èémí náà dákẹ́. A gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo, a tẹ́tí. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ nínú sípíkà òsì. Pá, pá. Pá, pá. Ó ń rákòrò. Ó rọra kúrò ní sípíkà òsì, ó gba àárín, ó dé sípíkà ọ̀tún.

Kò dúró níbẹ̀.

Bàbá Jùwọ́nlọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo abẹ́ àga. "Ìyá Jùwọ́nlọ," ó ní, "tètè ti ilẹ̀kùn, kó má bàa já sí títì."

Mo ti ilẹ̀kùn.